Ta Ló Dẹ Ẹ̀bìtì Inú Fóònù?



Lálẹ́ ọjọ́ kan ní ilé wa ní Erio-Èkìtì, ọmọ ọmọ mi jókòó tì mí kí n kọ́ ọ ní Odù. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré." Ìṣẹ́jú kan di wákàtí kan. Ó ṣe mí bíi kí n gbà á kí n jù ú sórí àjà. Àmọ́ ojú tì mí, torí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹni tó wá dáfá ṣì wà lórí ẹní tí èmi náà fi yọ tèmi wò.

Ṣé ọmọ ló jẹ̀bi, àbí ẹni tó dẹ ẹ̀bìtì?

Ní 2006, Aza Raskin ṣe ojú-ewé tí kì í tán: bí ìka bá ti ń fà á, òmíràn ń yọ. Ó ti ní òun kábàámọ̀. Ní 2017, Sean Parker, ààrẹ àkọ́kọ́ Facebook, ní ohun tí àwọn ń wá ni bí àwọn yóò ṣe gba àkókò àti ọkàn ènìyàn tó bó bá ti lè pọ̀ tó. Owó ìpolówó ni wọ́n ń jẹ. Ojú wa ni wọ́n ń tà.

Ẹyìn tí a fi sínú ẹ̀bìtì kì í ṣe àánú òkété. Mo wá bi ọmọ náà pé: ta ló dẹ ẹ́? Kí ni ìjẹ? Ta ni yóò jẹ ẹran? Ó ronú, ó ní, "Bàbá, ìgbà míì ó dùn, ìgbà míì kò dùn. Mi ò mọ èyí tó kàn, ìyẹn ni mo ṣe ń fà á."

Mo ní ó káre. A kì í mọ iye ikin tí yóò ṣẹ́kù náà: bó ṣẹ́ku kan, a tẹ méjì, bó ṣẹ́ku méjì, a tẹ ẹyọ kan. Àmọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, Odù ti dé. Ọwọ́ á dúró, etí á gbọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ dúró, ọgbọ́n wo ló fẹ́ kọ́ni?

Bí a bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, yóò rí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá mọ ẹ̀bìtì, orí rẹ̀ á ráyè yàn. Ní báyìí, bí a bá ti tẹ́ ẹní, fóònù méjèèjì ló ń lọ sórí àjà. Tèmi ló ń kọ́kọ́ lọ.