Ǹjẹ́ Ẹni tí ó Ní Ìtẹ́lọ́rùn Lè Sọkún?

Nínú gbogbo ìwà tí àwa olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó rọrùn láti sọ, tí ó sì ṣòro láti ṣe, bí ìtẹ́lọ́rùn. A ó kọ ọ́ sí ojú pátákó, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, a ó sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọmọ ilé-ìwé kankan kò bi wá rí. Ìyá àgbà kan ni ó mú kí a bi ara wa: ǹjẹ́ ẹni tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn lè sọkún?

Ìyá yìí ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Sùúrùlérè ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Gángan, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ni a bí i sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní ṣókí. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Ní 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, láti tún ìlú ṣe. Ní 1955 ìgbìmọ̀ yìí gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó ilé lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 ní àárín Èkó, a sì kó púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì ní àyè. A kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Peter Marris, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí ní 1961, rí i pé àwọn ẹbí tí ó ti ń gbé pọ̀ túká, àwọn oníṣòwò sì pàdánù oníbàárà wọn. Ìyá tí ó bí ìyá àgbà yìí ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní ẹnu ọ̀nà ní Èkó, tí èrò ń rà á tán kí oòrùn tó mú. Nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, kò sí ẹni tí ń gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá.

Ní ọjọ́ kan tí a lọ kí i, bí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa agbo ilé náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àwa sì yára. A ní, “Màmá, ẹ má sọkún mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Orúkọ ibi tí ẹ ń gbé gan-an ń sọ fún wa pé sùúrù ní èrè. Ẹ jẹ́ kí a ní ìtẹ́lọ́rùn.” Ó nu ojú rẹ̀, ó dákẹ́, ó sì bi wá bóyá a ó mu omi. A rò pé a ti tù ú nínú. A ti dé ilé kí a tó mọ̀ pé ẹnu ni a pa á mọ́.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ìjọ, a ka díẹ̀ nípa ẹ̀sìn Búdà, kí á lè mọ bí a ó ti dá a lóhùn, àfi bí ẹni pé ẹlẹ́sìn Búdà kan ń dúró dè wá ní Ìdúmọ̀tà! Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti jà láàárín 1943 àti 1945, jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀sìn yìí. Ṣùgbọ́n ní Íńdíà ni Gautama, ẹni tí a ń pè ní Búdà, ti kọ́ni, ní nǹkan bí ọdún 2,500 sẹ́yìn. Àkàwé kan nínú ẹ̀kọ́ náà ni ó padà wá sí wa lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. A ta ènìyàn kan ní ọfà, a sì tún ta á ní ọfà kejì. Ọfà kìn-ín-ní ni ìrora tí kò sí ẹni tí kì í kàn: àìsàn, òfò, ikú. Ọfà kejì ni ohun tí ọkàn ń fi kún un: ìkùnsínú, àti ìjà tí a ń bá ìrora náà jà. Búdà kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé bí ìbínú bá wà lọ́kàn wọn, kí wọ́n mọ̀ pé ìbínú wà níbẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá wà, kí wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa wò ó títí yóò fi kọjá. Bí àlejò tí a kò pè ni a ṣe lóye rẹ̀: a fún un ní àga, ṣùgbọ́n a kò kó yàrá fún un.

Nígbà náà ni a mọ ohun tí a ṣe fún ìyá àgbà yìí. Òfò ti ta á ní ọfà láti kékeré. Àwa ni a gbé ọfà kejì wá, tí í ṣe ìtìjú pé ó ń sọkún.

A kò lè gba gbogbo ẹ̀kọ́ Búdà, nítorí kò kọ́ni ní Ẹlẹ́dàá tí ẹni tí ń jìyà lè ké pè. Síbẹ̀, nígbà tí a padà sí Bíbélì wa, a rí ohun tí a ti ń kà kọjá. Jésù sọkún ní ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé òun yóò jí i dìde. Pọ́ọ̀lù, nínú ẹ̀wọ̀n, kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé òun ti kọ́ ìtẹ́lọ́rùn. Ó kọ́ ọ, bí ènìyàn ti ń kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe pé ẹnìkan fi àṣẹ gbé e ka orí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ńkọ́? Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ba ọ̀ràn jẹ́.

Ohun kan ṣì ń kọ wá lóminú. Nígbà mìíràn, ọfà kìn-ín-ní ní ẹni tí ó ta á. Ilé tí a wó kì í ṣe ọ̀ràn ọkàn nìkan. Ó ní olówó, ó sì ní ẹni tí ó pàṣẹ pé kí a wó o. Bí alágbára bá ń wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún ẹni tí ó lé kúrò nílé, kí ó má baà sọ ohun tí ó ṣe é, ó ti sọ ìwà rere di aṣọ ìbòjú. Gbígbà pé ìbànújẹ́ wà lọ́kàn wa yàtọ̀ sí gbígbà pé ohun tí ó mú un wá dára. Àní, ẹni tí a kò jẹ́ kí ó gbà pé ó ń dun òun, báwo ni yóò ṣe fi ibi tí ó ti ń dùn ún hàn? Àwa olùkọ́ pàápàá, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ti sọ fún ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú pé ọkùnrin kì í sọkún, kí ó ṣí ìwé rẹ̀!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a padà sí Sùúrùlérè. A ní, “Màmá, ẹ dárí jì wá. A kò jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ tán.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ náà nìyẹn.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi kànga: ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́, ibi tí ìyá rẹ̀ ń gbé ìkòkò kaná, àti yàrá tí àwọn ọmọ mẹ́fà ń sùn. Omijé dé, ó lọ, ó tún dé. Àwa kò sọ ohunkóhun. A bi í bóyá yóò fẹ́ láti padà sí Èkó.

“Rárá o,” ni ó wí. “Ibí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Ibí tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀hún ń dùn mí.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó dìde. Ó di mọ́ínmọ́ín mẹ́rin fún wa, tí ó fi ewé pọ́n bí ìyá rẹ̀ ti máa ń pọ́n ọn, ó sì bi wá ọjọ́ tí a ó tún wá.