Ta Ni Akọni Nínú Àwọn Alágbára?

  Nínú ìwé ìrántí tí ẹgbẹ́ wa máa ń gbé jáde lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ àṣà, ọ̀rọ̀ èdè àti ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lásán ni. Bí àgbà bá fara balẹ̀ wo eré tí ọmọdé fẹ́ràn, yóò rí díẹ̀ nínú ohun tí ọmọ náà ń rò lọ́kàn.

Nígbà họlidé tí ó kọjá, a ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a sì bá àbígbẹ̀yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níwájú tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Eré kan tí wọ́n ń pè ní The Boys ni ó ń wò, èyí tí iléeṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 2019. Eré àgbàlagbà ni. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yẹ fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Homelander. Ó ń fò bí ẹyẹ, ọta ìbọn kì í wọ ara rẹ̀, iná sì ń jáde láti ojú rẹ̀ tí ó lè gé irin sí méjì. Àwọn ará ìlú ń pè é ní akọni, ṣùgbọ́n ìkà ènìyàn ni. A na ọwọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ wo ojú wa tí ó fi sọ pé: “Dádì, ká ní èmi ni mo ní irú agbára yẹn ni, ǹ bá lọ jó àdúgbò àwọn tó jó ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì. Gbogbo wọn pátá.”

Ẹnu yà wá, a kò sì lè pa tẹlifíṣọ̀n náà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ó ń sọ yìí jóná nínú rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 2000 ní Kàdúná yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà dá ìjà ẹ̀sìn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú yín. Ọmọ tí ó ń sọ̀rọ̀ yìí kò tíì délé ayé nígbà náà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó bí i. Ta ni ó wá kọ́ ọ ní ìbínú yẹn? Homelander kọ́. Àwa ni.

Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí gbé ka iwájú wa ni pé: bí ènìyàn bá ní agbára tí ẹnikẹ́ni kò lè mú un sí, kí ni yóò mú kí ó máa ṣe rere? Ìbéèrè àtijọ́ ni. Plato, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì, ti gbé e kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó sọ ìtàn darandaran kan tí ó rí òrùka he. Bí ó bá ti yí òrùka náà sí apá inú ọwọ́, kò sí ẹni tí yóò rí i mọ́. Kí ni ó fi ṣe? Ó wọ ààfin, ó gba olorì mọ́ ọba lọ́wọ́, ó pa ọba, ó sì gun orí ìtẹ́. Àwa náà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn tiwa, àféèrí ni a ń pè é. Bí a bá pín àféèrí fún gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ìjọba lónìí, mélòó nínú wa ni yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó láìyọjú wo inú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí oníkálukú dá ara rẹ̀ lóhùn.

Nínú àwọn alágbára inú eré òde òní, Superman ni bàbá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ni wọ́n dá a sílẹ̀ nínú ìwé aláwòrán kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Ọmọ àwọn Júù tí wọ́n ṣí láti Yúróòpù wá ni àwọn méjèèjì. Bóyá ìdí nìyẹn tí Superman fúnra rẹ̀ fi jẹ́ àtọ̀húnrìnwá. Ayé tí wọ́n ti bí i parun. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ nígbà tí ó wà ní ìkókó, ó já sí ilẹ̀ Kansas, tọkọtaya àgbẹ̀ kan sì gbà á tọ́ bí ọmọ bíbí inú wọn. Eré Smallville, tí wọ́n ṣe láti 2001 sí 2011, dá lórí ìgbà èwe rẹ̀: bí àwọn òbí tí kò ní agbára kankan ṣe ń kọ́ ọmọ tí ó lè gbé mọ́tò sókè pé kí ó máa rora. Nínú Superman & Lois, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 tí ó sì parí ní 2024, òun náà ti di bàbá ọmọkùnrin méjì, ó ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ wá fi Homelander wé e. Agbára àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n Homelander kò ní ìyá, kò ní bàbá tí ó tọ́ ọ. Inú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni ó dàgbà sí, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ó fẹ́ fi í pa owó. Nínú apá àkọ́kọ́ eré náà, àwọn jàǹdùkú já ọkọ̀ òfuurufú kan gbà. Homelander wọlé láti gba àwọn èrò là, ṣùgbọ́n iná ojú rẹ̀ ba ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà jẹ́. Kí ni ó ṣe? Ó fi gbogbo èrò inú rẹ̀ sílẹ̀ láti kú, kí ẹnikẹ́ni má baà lè ròyìn àṣìṣe rẹ̀. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Homelander kò ní ilé tí ó ti lè kó ẹ̀ṣọ́ kankan.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀kọ́ ilé nìkan ti tó? Ẹ jẹ́ kí a wo eré kẹta, Invincible, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Omni-Man. Àtọ̀húnrìnwá ni òun náà. Ó fẹ́ ìyàwó ní ayé yìí, ó bí ọmọkùnrin kan, Mark, gbogbo ènìyàn sì gbà pé olùgbèjà ìlú ni. Àṣé iṣẹ́ ni àwọn ará ibi tí ó ti wá fi rán an, pé kí ó wá ba ilẹ̀ náà jẹ́ láti inú títí wọn yóò fi gbà á. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá òun jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọmọ kọ̀. Bàbá lù ú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, síbẹ̀ ọmọ kò gbà, nítorí pé ilẹ̀ tí bàbá ń pè ní ilẹ̀ àjò, òun ni ọmọ mọ̀ sí ilé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá? Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kàdúná ń sọ Hausa ju bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà ju ìgbà Kérésì tàbí Iléyá lọ. Ìhín ni ọ̀rẹ́ wọn wà, ìhín ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà. Nígbà tí a bá jókòó sí pálọ̀ tí a ń sọ ohun tí “wọ́n” ṣe fún wa, iṣẹ́ wo ni à ń fi rán ọmọ wa?

Àwọn kan yóò sọ pé eré àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2025, eré Iyanu jáde, èyí tí Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, gbé ka orí ìtàn àti àṣà Yorùbá. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni ó ṣàdédé rí i pé agbára ńlá wà lára òun. Kí ó tó dé rárá, a ti ní Ṣàngó. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a kà pé Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, ní oògùn tí ó fi ń pe mànàmáná. Ó fẹ́ dán an wò bóyá ó ṣì ń jẹ́. Ó jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààfin ara rẹ̀ ni ó kọlù, ó sì pa púpọ̀ nínú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Àwọn baba wa mọ̀ pé kò yẹ kí a fi agbára sílẹ̀ fún inú rere ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, fi lè kọ Aláàfin tí ó bá ti burú jù. Ṣùgbọ́n Baṣọ̀run Gáà fi agbára yìí kan náà rán ọba ju ẹyọ kan lọ sí ọ̀run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ọlọ́pàá ọba náà nílò ọlọ́pàá. Àwọn ará ìlú ńkọ́? Ní ìparí apá kẹta The Boys, ní 2022, Homelander fi iná ojú pa ènìyàn kan ní gbangba nítorí pé ó ju nǹkan lu ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn èrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín ọmọ náà bà wá lẹ́rù ju iná lọ.

A wá padà sí pálọ̀ wa. A jókòó ti ọmọ wa, a sì sọ apá ìtàn ọdún 2000 tí a kò sọ fún un rí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù jóná, a kò sí ní ilé wa. Ìyàwó wa wà nínú oyún oṣù méje. Inú ilé Málàm kan, ilé kẹta sí tiwa, ni a sá sí. Hausa ni, Mùsùlùmí ni, iṣẹ́ télọ̀ ni ó ń ṣe. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ń wá wa dé, ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó. Ó ní kò sí ẹlòmíràn nínú ilé ju ìdílé òun lọ, pé bí wọ́n bá fẹ́ wọlé, kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà wà nínú ilé náà. Bí wọ́n bá sọ iná sí i, gbogbo wọn ni yóò bá a lọ. Ọjọ́ méjì ni a lò níbẹ̀, kí ó tó mú wa dé bárékè. Ẹni tí ó bá sì sọ pé apá kan ṣoṣo ni ó pa ènìyàn ní ọdún náà, kò sọ òótọ́.

Málàm ti kú. Ọmọ wa bá wa lọ kí ìdílé rẹ̀. Ó rò pé aládùúgbò lásán ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” A kò rí èsì gidi fọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìtàn àdánù máa ń dùn ún sọ láàárín ẹni tiwa. Ìtàn Málàm kì í bá ọ̀rọ̀ náà mu. A kàn sọ fún un pé: “Ilé Málàm wà nínú àdúgbò tí o ní o fẹ́ jó. Iná ojú Homelander kì í béèrè ilé ta ni.”

Níbẹ̀ ni a ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wa. Ẹni tí ọta ìbọn kì í wọ ara rẹ̀, tí ó dúró níwájú ìbọn, kí ni ó fi wewu? Kò fi nǹkan kan wewu. Superman pàápàá, kì í ṣe ìgbà tí ó bá fò ni ó jẹ́ akọni lójú wa, bí kò ṣe ìgbà tí ó bá lè ṣe ìkà tí ó sì kọ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tí ó jókòó sórí àga, tí iná lè jó, tí àdá lè gé, tí ó ní ohun gbogbo láti pàdánù, òun ni akọni. Ìwà ni ó ní, kò ní agbára.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, a kò ní kí ẹ fòfin de gbogbo eré wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kí a mọ èyí tí ó tọ́ sí ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni alágbára yìí kọ̀ láti ṣe? Kí ni ó fi wewu nítorí ẹlòmíràn? Ta ni ó lè sọ fún un pé rárá, tí yóò gbọ́? Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní Málàm tiyín, kí ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn tí ẹ ń sọ fún wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a fi ìbínú nìkan kọ́, yóò jó o.

Kí Olódùmarè tẹ́ Málàm sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó fi àlàáfíà sí ìlú tí a fi ṣe ilé yìí, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà di ọmọlúàbí. Àṣẹ.