Ta Ni A Ń Kà Wọ́n Fún?

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ìyá kan ní Ifẹ̀-Olúkòtún bá dákẹ́ nígbà tí àlejò tí ó mú tẹlifóònù lọ́wọ́ ń bi í ní iye ọmọ tí ó bí àti iye tí ó yè nínú wọn, ẹ má ṣe pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní àìmọ̀kan. Ó ń bèèrè ni pé: ta ni ẹ ń kà wọ́n fún?

Síbẹ̀, a kò lè gbógun ti àrùn láìka ènìyàn. Nínú ètò tí a dá sílẹ̀ ní 1995 láti kápá àrùn afọ́nilójú tí kòkòrò etí odò ń gbé kiri ní Áfíríkà, àwọn ará abúlé ni ó ń yan ẹni tí yóò pín oògùn ivermectin fún wọn. Ẹni náà ń kọ orúkọ ará ilé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ó ń fi ọ̀pá wọn bí wọ́n ti ga tó, èyí ni ó sì fi ń mọ iye hóró tí kálukú yóò lò. Ẹni tí a kà mọ ẹni tí ó kà á, ó sì mọ ilé tí ìwé náà wà.

Ní 2018, kọ̀ǹpútà àfọwọ́gbé ni a fi ṣe ìwádìí ńlá lórí ìlera jákèjádò Nàìjíríà. Èrè wà níbẹ̀, nítorí àṣìṣe ń dín kù, èsì sì ń yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà nílé ẹni tí a mọ̀ ti fò lọ sí ibi tí a kò mọ̀.

Lóòótọ́, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tí ó gba ìṣọ́ra. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ni òfin náà ń dáàbò bò. Àwa Yorùbá sì ń wádìí àrùn ìdílé kí a tó fọmọ fọ́kọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde pé àrùn kan pọ̀ nílùú kan, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣé gbogbo ọmọ ìlú náà kọ́ ni a dárúkọ?

Èmi kò ní kí a ju ẹ̀rọ nù. Àrùn tí ń ràn kò sì ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀rọ fún ọ̀dọ́ ìlú kí ó máa bèèrè ìbéèrè tí a ti kọ níbòmíràn, a kò tíì ṣe àjọṣe. Kí ìlú bá wa yan ìbéèrè, kí a sọ èsì fún wọn ní èdè Yàgbà kí ó tó jáde, kí ohùn wọn sì wà nínú bí a ó ṣe sọ ọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni a ń kà.