Ǹjẹ́ Ìgbàgbọ́ Ẹni tí Kò Rí Ìwòsàn Gbà Ha Jẹ́ Asán Bí?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

 

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìrántí yìí, mo mọ̀ pé ìtàn ìjọ ni wọ́n ń retí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ọkàn mi láti ọdún 2017 tí Olúwa ti pe ọmọ mi ọkùnrin sílé, n kò sì rí ibòmíràn tí mo lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè.

Ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀rí ìjọ wà. Bí arábìnrin kan bá rí ọmọ bí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, bí aláìsàn bá dìde, bí ẹni tí kò níṣẹ́ bá ríṣẹ́, èmi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó jẹ́, àti bí Ọlọ́run ti dáhùn. Lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ mi, mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìwé náà láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé òpin, mo ń wá orúkọ rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, n kò rí ẹni tí ó gba Ọlọ́run gbọ́ jù ú lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé yìí wọ̀ mí lára.

1991 ni a bí i. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ ń fẹ́ra wa, kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè nípa ẹ̀jẹ̀. Ara àwa méjèèjì le koko, a kò mọ̀ pé AS ni wá. Ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ó ń ké tọ̀sán-tòru, ni dókítà ṣàlàyé fún wa pé bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ó ṣeé ṣe, lọ́nà kan nínú mẹ́rin, kí ọmọ náà jẹ́ SS. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé, a máa dí ọ̀nà fún ara wọn, ìrora a sì wọ inú egungun lọ. Láyé àwọn baba wa, àbíkú ni wọn ìbá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé kò lè ṣe iṣẹ́ agbára, iṣẹ́ télọ̀ ni ó kọ́. Òun ni ó rán sùtánà fún ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ẹ sì mọ ohun tí a máa ń sọ nípa télọ̀: "Ẹ wá lọ́la", lọ́la kò sì ní í dé. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Á ní, "Bí ara mi bá le, ọjọ́ Jímọ̀. Bí ara mi kò bá le, màá ránṣẹ́ sí yín." Á sì ránṣẹ́ lóòótọ́. Gbogbo àjákù aṣọ, bí ó tilẹ̀ kéré bí àtẹ́lẹwọ́, á ká a, á fi í sínú aṣọ fún ẹni tí ó ni ín. Alàgbà kan bi í pé, "Kí ni kí n fi àkísà yìí ṣe?" Ó ní, "Bàbá, tiyín ni. Ohun tí ó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣe é."

Lóru ìṣọ́, ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni ó máa ń jókòó sí. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí kí ó lè tètè sá lọ sùn ni. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé nítorí bí ìrora bá dé ni, kí ó lè jáde láìda àdúrà àwọn ẹlòmíràn rú.

Láràárọ̀, á lo folic acid rẹ̀ àti oògùn ibà rẹ̀, omi àdúrà ni ó sì fi ń gbé wọn mì. Arákùnrin kan bi í pé, "Èwo gan-an ni o gbà gbọ́, omi ni tàbí oògùn?" Ó dáhùn pé, "Ẹni tí ó ni méjèèjì ni mo gbà gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Nígbà tí àrùn inúfulúẹ́ńsà jà ní 1918, tí àwọn dókítà kò ní oògùn rẹ̀, ni àwọn díẹ̀ kó ara wọn jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ oògùn kwiníìnì sì wà lára ohun tí ó ya àwọn Aládùúrà kan kúrò lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ní nǹkan bí 1939 sí 1941. N kò bú àwọn baba wa. Ọlọ́run ni wọ́n rí dì mú, wọ́n sì dì í mú. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́.

Ní ọdún 2014, ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀ mí létí pé oògùn yìí ni kò jẹ́ kí Ọlọ́run ráyè ṣiṣẹ́. Mo kó oògùn ọmọ mi pamọ́. Mo ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, bí ti Ẹ́sítérì. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò lè dìde. Ẹ̀yìn mi ni mo fi gbé e dé ojú títì, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún mi pé àìmu omi máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ irú wọn tètè dì mọ́ra. N kò lè wo ojú rẹ̀. Òun ni ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá, ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa mu omi mi." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ará, ta ni nínú àwa méjèèjì ni ó ní ìgbàgbọ́ lọ́jọ́ náà? Èmi tí mo ń pàṣẹ fún Ọlọ́run ni, tàbí òun tí ó dárí jì mí nínú ìrora?

Ó kú nínú oṣù kẹjọ ọdún 2017. Àwọn kan sọ níbi òkú pé ìgbàgbọ́ wa ni kò tó. Wòlíì tí ó ríran pé yóò dàgbà, yóò sì rí ọmọ-ọmọ, kò gba àdúgbò wa kọjá mọ́. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo bá ìwé kan lórí ẹ̀rọ: orúkọ àwọn mọ́kànlá tí aṣọ wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, iye tí oníkálukú san, àti iye tí ó yẹ kí a dá padà bí kò bá lè rán an. Owó náà wà nínú àpò kékeré kan. Kò dín kọ́bọ̀. Mo gbé aṣọ àti owó náà kiri ilé wọn. Nígbà tí mo dé ilé ẹnì kọkànlá, omijé mi ti gbẹ. Ọ̀nà ilé wòlíì ni mo gbà padà, mo sì yà kí i. Àwa méjèèjì sunkún.

Ẹ ka Hébérù orí kọkànlá. Ìwé ẹ̀rí ni òun náà. A kọ àwọn tí ó ṣẹ́gun síbẹ̀, a kọ àwọn obìnrin tí wọ́n gba òkú wọn padà láàyè. Ṣùgbọ́n a kò dúró níbẹ̀. A tún kọ àwọn tí kò rí ìdáǹdè, tí wọ́n kú láìrí ohun tí a ṣèlérí, a sì sọ pé ìgbàgbọ́ ni ó mú kí wọ́n ní ẹ̀rí rere. Pọ́ọ̀lù pàápàá, tí ó wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn, fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù. Kò kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ Tírófímù kò tó.

Ìwòsàn ń bẹ, mo ti fi ojú mi rí i, mo sì ti fi ọwọ́ mi kọ ọ́. Àdúrà Aládùúrà kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ìwòsàn jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run, ìgbàgbọ́ ni iṣẹ́ tiwa. A kò lè fi iṣẹ́ Ọlọ́run wọn tiwa. Ẹni tí ara rẹ̀ ń ro ó, tí ó tún ń dá àjákù aṣọ padà, tí kò purọ́ ọjọ́, tí ó dárí ji baba rẹ̀, ẹni náà ti gbàgbọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa: kí ìran tó sọ pé ẹ fẹ́ra, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ààwẹ̀ láìmu omi ni ọmọ SS lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ọlọ́fọ̀, ẹ má ṣe wọn ìgbàgbọ́ òkú fún wọn.

Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Alàgbà wa. Mo ti ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé ẹ̀rí ìjọ, fún àwọn tí wọ́n gbàgbọ́ títí dé òpin tí wọn kò sì rí ìwòsàn. Orúkọ ọmọ mi ni ó ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní tirẹ̀, kí ó mú un wá, màá kọ ọ́.

Kí Olúwa tu gbogbo ọlọ́fọ̀ nínú. A kú ọdún, a kú ìyèdún.