Bí Táyà Bá Bẹ́, Ẹ̀bi Ta Ni?



Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ọkọ̀ tèmi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo sì wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn lọ sí Iléṣà. Kí n tó wọlé, ojú mi bọ́ sí táyà ẹ̀yìn ọwọ́ òsì. Ó ti dán bí orí apárí, wáyà inú rẹ̀ sì ti ń yọjú ní etí kan. Mo pe awakọ̀, mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ má fòyà, yóò gbé wa dé.” Mo wọlé, mo jókòó. Ìyá ọlọ́mọ kan jókòó tì mí, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. A kọjá Ìkirè, a kọjá Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀, a sì gúnlẹ̀ láyọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n sinmi: ǹjẹ́ ọkùnrin yẹn ṣẹ̀, níwọ̀n bí ohunkóhun kò ti ṣe wá?

Nígbà tí táyà bá bẹ́ tí ẹ̀mí sì bá a lọ, a máa ń wí pé iṣẹ́ èṣù ni, tàbí pé bí a ti kọ ọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, ìṣó lè gún táyà tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ó pẹ́ tí táyà ti ń kìlọ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù a máa mú kí afẹ́fẹ́ inú táyà súnkì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì tó a máa tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa ká, a tún máa nà, ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí, èyí sì ń mú un gbóná láti inú wá. Bí oòrùn ọ̀sán bá bá a lórí ọ̀dà, tí awakọ̀ sì ń sáré, okùn inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bóyá kòtò tí ó kó sí lóṣù tí ó kọjá ti já díẹ̀ nínú okùn náà tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti wú bí eéwo. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní ìgbà òjò ẹ̀wẹ̀, àárín ìlà tí a fín sí ojú táyà ni omi ń gbà jáde. Bí ìlà náà bá ti jẹ tán, táyà kò tún tẹ ilẹ̀ mọ́. Orí omi ni ó ń yọ̀ lọ, bíréèkì kò sì lè ràn án lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Britain àti Jámánì, òfin kò gbà kí ìlà yìí dín ní mìlímítà 1.6. Ẹni tí ó bá ra táyà tòkunbọ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹni àkọ́kọ́ fi bọ́ ọ sílẹ̀. Òmíràn ní àwòrán òkè onígun mẹ́ta àti ẹ̀kán yìnyín lára: ìgbà òtútù ni a ṣe é fún, rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ooru tiwa a sì tètè jẹ ẹ́.

A ó wí pé òṣì ni. N kò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, nítorí táyà tuntun wọ́n, awakọ̀ sì ní owó tí yóò kó fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ lálaalẹ́. Bóyá ẹ̀bi ẹni yẹn, tí ó ń sùn nílé, ju ti awakọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wíwò kò gba kọ́bọ̀. Àìmọ̀ kan wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn: kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo táyà, nítorí bí ó bá rí i, yóò di dandan kí ó náwó. Bí a bá gbọ́ òfin karùn-ún, ọ̀bẹ àti ìbọn ni ọkàn wa ń lọ sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo awakọ̀ méjì tí táyà wọn rí bákan náà. Ti ọ̀kan bẹ́ ní Ìkirè, èkejì dé Iléṣà, ó jẹ iyán. Ilé ẹjọ́ yóò mú ẹni àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe ní ìdíkọ̀: wọ́n fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ láìbi í. Èmi pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ yẹn kò rí táyà náà. Èmi rí i, n kò sì sọ fún un, nítorí mo fẹ́ tètè dé.

Nígbà tí ọkọ̀ mi dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tí ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe táyà. Lára ọ̀kan, mo ka 3512: ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2012. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi ọkọ̀ yẹn gbé àwọn ọmọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí mo ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, n kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ wò ó rí.