Òótọ́ inú Àfiwé
Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ọnà èdè tí a fi ń pe ohun kan ní òmíràn láìlo "bí" tàbí "dà bí", èyí tí í ṣe àmì àfiwé tààrà. Ìyàtọ̀ yìí, tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń há sórí nítorí ìdánwò, kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí bí olùjọsìn bá ní Ọlọ́run ni àpáta òun, kò purọ́, síbẹ̀ kò sọ pé òkúta ni Ẹlẹ́dàá. Maimonides, onímọ̀ Júù tí ó kú ní 1204, ṣàlàyé pé níbi tí Ìwé Mímọ́ bá ti fún Ọlọ́run ní ọwọ́ tàbí ojú, èdè àfiwé ni. Olùkọ́ tí kò bá bi ọmọ léèrè irú òótọ́ tí àfiwé ń sọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.