Ṣílè Tí A Fi Eérú Ha
Bí ẹnìkan bá fi eérú ha ṣílè àtijọ́ títí ó fi ń kọ mànà, tí ó sì tà á bí èyí tí a kò ná rí, irọ́ ha ni ó pa bí? Mo ní irọ́ ni. Ẹ wo ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a fi fàdákà ṣe láti 1913 sí 1920, kí idẹ tó gba ipò rẹ̀. Ibi tí àwòrán ọ̀pẹ rẹ̀ ga jù ni ọwọ́ ọjà kọ́kọ́ ń jẹ. Ara rẹ̀ a sì máa dúdú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ha á kò lè dá ohun tí ó ti jẹ padà; ilà wẹ́wẹ́ ni yóò fi kún un. Òǹtajà lè búra pé ojúlówó fàdákà ni, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Ọdún tí owó náà lò lọ́wọ́ àwọn ìyá ńlá wa ni ó fi pamọ́. Àwọn kan ní olówó ló ni owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, bí kò bá fẹ́ tà á.